Abọ́ Ọmọ Tálákà

Bó o bá wà ní yunifásítì wa tó ò mọ Ssekitto, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, á kọ́kọ́ wò bóyá ẹnì kan wà nítòsí tó máa rí eyín rẹ̀. Àwa la sọ ọ́ ní Ẹnu-ò-sinmi, Afọ̀rọ̀-sanra. Ó sì gbà á bí oyè.

Ipò ààrẹ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń dù lábẹ́ Ẹgbẹ́ Àtùpà, ìdìbò sì ku ọ̀la. Wàhálà rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: gbogbo wa mọ̀ pé mọ́tò bàbá rẹ̀ ló ń gbé adìyẹ àti mátókè, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè olówó, wá fún un lójoojúmọ́. Àwa tí à ń jẹ póṣò, òkèlè àgbàdo lásán, àti ẹ̀wà ní kíṣìnì ilé ìwé la sì pọ̀ jù nínú olùdìbò.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, níbi àríyànjiyàn àwọn olùdíje, Adongo tó ń bá a du ipò náà lábẹ́ Ẹgbẹ́ Kẹ̀kẹ́ yíjú sí i lórí pèpéle.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ jẹ ẹ̀wà wa gbẹ̀yìn?"

Ssekitto fò dìde. Ohun tó ti ń retí nìyẹn.

"Àbúrò mi, o ṣeun! Wọ́n ní mo lówó. Irọ́ ni! Ọmọ tálákà paraku ni mí!" Ó fa abọ́ páànù kan yọ nínú báàgì, èyí tó ti tẹ̀ níbí, tẹ̀ lọ́hùn-ún. "Abọ́ tí mo fi ń jẹun ní kíṣìnì rèé, ọdún mẹ́ta gbáko! Ẹ wò ó dáadáa!"

Ó gbé e sókè réré. Òun wà lókè, àwa wà nísàlẹ̀, ìdí abọ́ la sì ń wò. Ẹni tó bá jẹun ní kíṣìnì wa lẹ́ẹ̀kan péré mọ̀ pé ìṣó la fi ń họ orúkọ síbẹ̀, torí ẹni tí abọ́ rẹ̀ bá sọnù kò ní í rí oúnjẹ gbà. Ssekitto kò mọ̀. Níbi tí a ń sá abọ́ sí ló ti ṣa èyí tó jọ ti tálákà jù, kò sì yí i wò.

"Okurut!" la kà pọ̀.

Ó rò pé à ń yìn ín ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó tún gbé e ga sí i.

"Okurut! Okurut!"

"Ta ló ń jẹ́ Okurut?" ni Ssekitto bi wá.

Ọmọkùnrin kan dìde láàárín Ẹgbẹ́ Àtùpà gan-an.

"Èmi ni, ẹ̀gbọ́n. Èmi tí mò ń lẹ fọ́tò yín mọ́ ògiri láti ọ̀sẹ̀ méjì. Láti ìjẹta ni mo ti ń wá abọ́ yẹn! Ìdérí garawa ni mo fi ń gba póṣò, gbogbo omi ẹ̀wà sì ń dà sí mi lára."

Àánú Okurut ṣe mí, àmọ́ ẹ̀rín kò jẹ́ kí n sọ ọ́.

"Mo... mo yá a ni," ni Ssekitto wí.

"Lọ́wọ́ ta?" ni Adongo bi í.

Ssekitto Ẹnu-ò-sinmi yí abọ́ náà, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ka ìdí rẹ̀.

Okurut gun pèpéle, ó gba abọ́ rẹ̀. Ó bọ́ ẹ̀wù ẹgbẹ́ lọ́rùn, ó fi nu abọ́ náà tinú tẹ̀yìn, ó sì fi ẹ̀wù lé ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́.

"Ẹ bá mi fọ̀ ọ́. Ebi ń pa mí."

Bó ṣe ń lọ ni agogo oúnjẹ dún. A gbé abọ́ wa, a tẹ̀ lé e, Ẹgbẹ́ Kẹ̀kẹ́ àti Ẹgbẹ́ Àtùpà lápapọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ṣì kù fún Ssekitto láti fi sọ̀rọ̀.