Ẹja Tó Bọ́ Lọ́jọ́ Ìgbálẹ̀ Raliat

Ẹjọ́ kan wọ ààfin lánàá, àwọn ìjòyè ò mọ ibi tí wọn ì bá ti dì í mú. Pálọ̀ Ọba àwa Yorùbá ní Sábọ̀n Gàrí náà là ń pè láàfin. Sarat ló pẹjọ́. Ààwẹ̀ ń gbẹ ẹ́ lẹ́nu, inú sì ń bí i.

"Kábíyèsí, òjò ìjẹta rọ ẹja sí àgbàlá wa."

"Òjò rọ kí ni?"

"Ẹja, Kábíyèsí! Láàyè! Látòkè! Ọbẹ̀ lásán ni mo fi ń ṣínu látìgbà tí ààwẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọkọ mi ní omi ìṣanwọ́ ni mò ń sè. Kí n tó gbé abọ́ jáde, Raliat ti kó gbogbo rẹ̀. Ìrù lásán, kò fi sílẹ̀!"

Raliat, tí yàrá rẹ̀ kángun sí ti Sarat, kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

"Kádé pẹ́ lórí. Nílé wa, yàrá kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ ìgbálẹ̀ tirẹ̀. Ohun tí ẹni tó kàn bá bá nílẹ̀, òun ló ni ín. Èmi ló kàn níjẹta. Mo gbálẹ̀, mo bá ẹja. Nígbà tí mò ń kó ìgbẹ́ ewúrẹ́, ṣé Sarat wá bá mi pín in?"

Àwọn ìjòyè bú sẹ́rìn-ín. Sarat nawọ́ sí Raliat.

"Hàbá! Kábíyèsí, ẹ̀yìn ní ń dun Raliat nígbàkigbà tó bá kàn án! Èmi ni mo máa ń bá a gbá a!"

Wọ́n pe Wahab, aránṣọ ọ̀ọ̀dẹ̀ ilé wọn.

"Wàláhì, mo rí Raliat. Ìgbálẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀."

Rosemary, ayálégbé mìíràn nílé náà, fò dìde. "Ìgbálẹ̀ wo? Bàsíà ló gbé! Inú rẹ̀ lẹja ń bọ́ sí, kò kanlẹ̀ rárá!"

"Ó kanlẹ̀! Ọ̀kan gbá mi nímú!"

Kábíyèsí wo Wahab. "Ṣé ilẹ̀ nimú ẹ wà ni? Wahab, kí lo jẹ níbẹ̀?"

"Orí méjì péré, Kábíyèsí."

Kábíyèsí túnra mú.

"Raliat jàre. Ẹni tó gbálẹ̀ ló ni ohun tó bá nílẹ̀."

Raliat rẹ́rìn-ín. Omi lé ròrò sójú Sarat.

"Àmọ́ ẹni tó jẹ dídùn á jẹ kíkan. Raliat, àgbàlá yẹn di tìẹ. Ìwọ nìkan ni wàá máa gbá a láràárọ̀, títí òjò á fi tún rọ ẹja."

"Yéè! Kábíyèsí, ó ṣì ku díẹ̀ níkòkò! Sarat, jọ̀ọ́, wá kó o, ká jọ máa gbálẹ̀!"

Sarat nu ojú, ó so gèlè rẹ̀ le.

"Má yọra ẹ lẹ́nu, ọ̀rẹ́ mi. Ọbẹ̀ lásán ti mọ́ mi lára."