Apá Onígbàjámọ̀, Orí Mo-ti-mọ̀

Inú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ ni: àga kan, dígí kan lára ògiri, fóònù lórí tábìlì. Ẹni tó wà lórí àga ni ọ̀gá ilé ìkẹ́rùsí kan tó ń fẹ̀yìn tì lónìí. Mo-ti-mọ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é lẹ́yìn, nítorí a ò tíì rí ẹni tó sọ ohun tí kò mọ̀ fún un rí. Aṣọ funfun bò ó láti ọrùn dé bàtà. Onígbàjámọ̀ ti fi ẹ̀rọ gẹ irun ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún orí rẹ̀ tán, ti òsì ṣì kún. Ó sọ apá kalẹ̀, ó fi ọwọ́ kejì gbá a mú.

MO-TI-MỌ̀: Kí ló dé? Ṣé ẹ̀rọ ti kú ni?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Apá ló kú.

MO-TI-MỌ̀: Apá ta ni?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Tèmi. Ẹ fún un láyè díẹ̀, ó máa jí.

MO-TI-MỌ̀: Mo ti mọ̀. (Nǹkan dún "kọ́" lábẹ́ aṣọ funfun.) Látìgbà tó o ti bẹ̀rẹ̀ ni mo ti ń wò ẹ́ nínú dígí. Mo ní, apá ọmọ yìí máa tó kú.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ ò sì sọ.

MO-TI-MỌ̀: Ṣé o bi mí ni? Wò ó, àbúrò, wọ́n máa yà mí ní fọ́tò níbi iṣẹ́ lọ́sàn-án yìí. Fọ́tò náà ni wọ́n máa gbé kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo ọ̀gá tó ti fẹ̀yìn tì. Tí wọ́n bá ti gbé e kọ́, kò sí ẹni tó ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ mọ́ láé. Ṣé bí orí mi ṣe máa wà níbẹ̀ títí ayé nìyí, ìdajì oko, ìdajì igbó?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Wọ́n lè yà yín láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

(Mo-ti-mọ̀ wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nínú dígí. Ó rò ó wò. Inú ẹ̀ ò dùn sí i.)

MO-TI-MỌ̀: Rọpárọsẹ̀ ni. Mo ti mọ̀. (Kọ́.)

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Kì í ṣe rọpárọsẹ̀.

MO-TI-MỌ̀: Ọkàn ni, nígbà náà.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Wọ́n ti wo ọkàn. Ara ẹ̀ le ju tèmi lọ.

MO-TI-MỌ̀: Ọrùn.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Wọ́n ti wo ọrùn. Wọ́n ya òun náà ní fọ́tò. Ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

MO-TI-MỌ̀: Ọrùn ọwọ́!

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Wọ́n so igi mọ́ ọn. Apá ń kú, tigi tigi.

MO-TI-MỌ̀: Àfi kó jẹ́ ọ̀lẹ.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Dókítà kan sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ ó fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́. Ó ní kí n lọ sinmi.

(Ó na ìka rẹ̀, ó ká wọn. Apá ti jí. Ó gbé ẹ̀rọ sókè, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí gẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹẹsẹ.)

MO-TI-MỌ̀: Báwo ló ṣe ń ṣe ẹ́ gan-an?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ó máa ń dà bí ẹni pé èèrà ń rìn nínú ẹ̀, láti èjìká dé ọmọńdinrín. Lẹ́yìn náà n kì í mọ̀ ọ́n lára mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo jí, mo bá apá kan lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo bi ìyàwó mi pé ta ló ni ín. Ó ní tòun pé.

MO-TI-MỌ̀: Mo ti mọ̀. (Kọ́.)

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Iyọ̀ wà lórí pẹpẹ nílé wa, ìyàwó mi ló ń bá mi gbé e. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ti àgbàlagbà náà ò tó o mọ́.

MO-TI-MỌ̀: Àwọn dókítà ò sì rí nǹkan kan?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Gbogbo wọn ló ń ní kí n gbé apá lé tábìlì. Lórí tábìlì, apá yìí ò lẹ́ṣẹ̀ lọ́rùn. Mo ní òkè ló ti máa ń kú. Wọ́n ní kí n má gbé e sókè mọ́. Mo ní onígbàjámọ̀ ni mí, orí kì í gbé ìsàlẹ̀.

MO-TI-MỌ̀: Ó dáa. Ta ló wá rí i?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Dókítà kan báyìí ni. Ó ní kí n gbé ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí wọ́n ká mọ́, kí n máa pa ìka dé, kí n máa ṣí i. Kò pẹ́, tòsì ṣì ń ṣe tirẹ̀ lọ, tọ̀tún ti funfun. Ó di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó ní òun ò gbọ́ kí iṣan ibẹ̀ máa lù mọ́. Inú ẹ̀ dùn. Ó pe dókítà mìíràn wá.

MO-TI-MỌ̀: Kí nìyẹn náà gbọ́?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Òun náà ò gbọ́ nǹkan kan. Inú àwọn méjèèjì dùn gidi.

MO-TI-MỌ̀: Mo ti mọ̀! (Kọ́, kọ́. Ó na ọrùn wo dígí.) Dígí ẹ yìí ń wálẹ̀ o. Gbogbo orí mi ni mo rí nígbà tí mo jókòó. Láti iwájú orí sísàlẹ̀ ló kù yìí.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Dígí mi ò kúrò níbì kan. Wọ́n ní láàárín egungun gbọọrọ tó wà nísàlẹ̀ ọrùn yìí àti egungun ìhà àkọ́kọ́, ọ̀nà tóóró kan wà níbẹ̀. Iṣan tó ń lọ sí apá, ibẹ̀ ló ń gbà. Ẹ̀jẹ̀ náà, ibẹ̀ ló ń gbà. Tèmi ti há. Tí mo bá gbé apá sókè, egungun á tẹ gbogbo wọn mọ́lẹ̀.

MO-TI-MỌ̀: Kí wọ́n fẹ ọ̀nà.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe nìyẹn. Wọ́n fẹ́ yọ egungun ìhà náà.

(Mo-ti-mọ̀ fi ọwọ́ wá egungun ìhà tirẹ̀ lábẹ́ aṣọ funfun.)

MO-TI-MỌ̀: Wọ́n yọ egungun ìhà Ádámù, wọ́n fi dá ìyàwó fún un. Kí ni wọ́n máa fún ìwọ?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Mo béèrè. Wọ́n ní kò sí pàṣípààrọ̀.

MO-TI-MỌ̀: Má gbà! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. (Kọ́.)

ONÍGBÀJÁMỌ̀: N kò fẹ́ gbà. Ẹ̀rù ń bà mí, ẹ̀gbọ́n, n kò ní purọ́ fún yín. Tí wọ́n bá là mí báyìí, ta ní máa ṣí ṣọ́ọ̀bù? Àwọn oníbàárà á ti lọ síbòmíràn kí apá tó san. Mo bẹ dókítà pé kó jẹ́ kí n gbìyànjú eré ìdárayá ná. Obìnrin kan ló ń kọ́ mi: bí mo ṣe máa na àyà, bí mo ṣe máa fa èjìká sẹ́yìn. Ó ní kí n má gbé báàgì kọ́ èjìká mọ́. Ó ní kí n sọ àga kalẹ̀ kí orí oníbàárà má ga ju àyà mi lọ.

MO-TI-MỌ̀: O sì ń ṣe é?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Gbogbo ẹ̀. Apá sì gbọ́ràn. Mo gẹ orí ayàwòrán, kò kú. Mo gẹ orí wòlíì, kò kú, orí wòlíì sì tóbi. Dókítà wá ní kí n máa ṣàkíyèsí ohun tó ń fa kíkú rẹ̀. Mo ṣàkíyèsí.

MO-TI-MỌ̀: Kí ni?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ̀yin ni.

(Ẹ̀rọ ń kùn.)

MO-TI-MỌ̀: Èmi wo?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ̀yin yìí. Ẹ wá ní oṣù tó kọjá, apá kú lórí yín. Ẹ wá ṣáájú ìyẹn, ó kú. Lónìí, ó kú. N kò bá yín jà o, orí yín ni n kò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀.

MO-TI-MỌ̀: Ìmọ̀ ló wà nínú ẹ̀! (Kọ́! Kọ́!)

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Bóyá òun ni. Mo ti bá dókítà ṣàdéhùn pé màá pè é lónìí. Bí apá bá gẹ orí yín parí, kí wọ́n jẹ́ kí n máa bá eré ìdárayá lọ. Bí kò bá lè parí ẹ̀, kí wọ́n wá yọ egungun.

MO-TI-MỌ̀: Nínú gbogbo orí ayé yìí, orí tèmi lo fi ṣe ìdánwò?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Tí mo bá yege nínú tiyín, kò sí ibi tí n kò ti ní yege.

(Ó dé ẹ̀yìn etí òsì. Ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti ga ju èjìká lọ. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó jókòó sórí àpótí, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.)

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ó ti kú. Ẹ bá mi na fóònù yẹn.

MO-TI-MỌ̀: Dúró ná. N kò lè fi orí ìdajì ya fọ́tò. Kọ́kọ́ tún dígí yẹn gbé kọ́ kí n rí bí ọ̀ràn ṣe tó. Ẹnu mi nìkan ni mò ń rí. Ìṣó ẹ̀ ti tú, mo ti mọ̀. (Kọ́.) Ọjọ́ wo ni mo ti wà nídìí ìṣó nílé ìkẹ́rùsí wa!

(Onígbàjámọ̀ dìde. Ó fa dígí, dígí ò mì. Ó tẹ ìṣó, ìṣó ò mì. Ó yíjú padà wo Mo-ti-mọ̀. Ó ní láti gbójú sókè kó tó rí i.)

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ̀gbọ́n, dígí ò wálẹ̀.

MO-TI-MỌ̀: Kí ló wá ṣẹlẹ̀ sí orí mi?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ó ti gòkè.

(Ó ká aṣọ funfun sókè. Bàtà Mo-ti-mọ̀ wà lórí irin tí wọ́n ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí àga lè ga. Àwọn méjèèjì jọ wo bàtà náà.)

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún sọ ọ̀rọ̀ yẹn.

MO-TI-MỌ̀: Èwo? Mo ti mọ̀?

(Kọ́. Àga gbé e sókè díẹ̀.)

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Mo rò pé èjìká mi ló ń wálẹ̀. Obìnrin yẹn ti sọ fún mi pé èjìká mi ń sọ̀ kalẹ̀. Mo lọ sílé, mo sọ fún ìyàwó mi pé mo ti ń kúrú.

MO-TI-MỌ̀: Ẹsẹ̀ yìí ò lérò ibi kankan. Bí mo bá ti mọ nǹkan, ó máa ń fẹ́ bá mi mọ̀ ọ́n.

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ lè mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má ṣáà fi ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n.

(Ó sọ àga kalẹ̀. Orí Mo-ti-mọ̀ padà sínú dígí, ìdajì oko, ìdajì igbó. Onígbàjámọ̀ na àyà, ó fa èjìká sẹ́yìn, ó mí kanlẹ̀. Nígbà tí apá jí, ó bẹ̀rẹ̀. Mo-ti-mọ̀ ká ẹsẹ̀ sábẹ́ àga, ó fi eyín di ètè mú.)

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Wọ́n ní ọ̀nà tóóró yìí, nínú gbogbo wa ló wà.

(Ẹsẹ̀ Mo-ti-mọ̀ yọ jáde. Ó dúró lófuurufú lókè irin. Mo-ti-mọ̀ wò ó. Ó fà á padà.)

MO-TI-MỌ̀: Ṣé lóòótọ́?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Bẹ́ẹ̀ ni. Nínú tiyín náà.

(Ẹsẹ̀ tún yọ. Mo-ti-mọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún mú.)

MO-TI-MỌ̀: N kò... n kò mọ̀.

(Ọ̀rọ̀ náà ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu. Onígbàjámọ̀ gẹ ẹ̀yìn etí òsì. Ó gẹ ìpàkọ́. Ó gbọn aṣọ. Apá ò kú.)

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ó ti parí.

MO-TI-MỌ̀: Gbogbo ẹ̀?

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Gbogbo ẹ̀. Kí wọ́n yà yín láti ibi tó bá wù wọ́n.

(Ó jókòó sórí àpótí, ó ń rẹ́rìn-ín, omi sì lé sí i lójú. Mo-ti-mọ̀ ṣe bí ẹni tí kò rí i, ó gbé fóònù fún un. Onígbàjámọ̀ tẹ̀ ẹ́.)

ONÍGBÀJÁMỌ̀: Ẹ kú iṣẹ́, dókítà. Èmi onígbàjámọ̀ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí egungun yẹn wà níbẹ̀ ná, mo ti gẹ orí náà parí... Bẹ́ẹ̀ ni, màá máa bá eré ìdárayá lọ... A ti rí ohun tó ń fà á... Ẹsẹ̀ ni... Rárá, kò wú... Kò dùn rárá, ara ẹ̀ le... (Ó wo Mo-ti-mọ̀, tó dúró ṣánṣán níwájú dígí, tó ń wo ẹ̀gbẹ́ òsì.) Ẹ ò lè yọ ìyẹn, dókítà. Oníbàárà mi ló ni ín.