Jíìpù Tí Kì Í Fẹ́ Débẹ̀

Ẹjọ́ kan fẹsẹ̀ rìn wọ ààfin lánàá, bẹ́ẹ̀ jíìpù ló dá a sílẹ̀. Arẹwà aránṣọ kan ló pe àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lẹ́jọ́, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe. Òrùka wà ní àtẹ́lẹwọ́ ọmọbìnrin náà, kò sí ní ìka rẹ̀ mọ́. Èmi tí mò ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ààfin ni mo kọ́kọ́ rí i.

"Kí ló ṣe fún ọ?" Ọba bi í.

"Kábíyèsí, ó ra jíìpù kékeré kan, èyí tó ń lo epo tó tún ń lo bátìrì. Inú mi dùn, mo ní mo ti bọ́ lọ́wọ́ eruku. Àṣé mi ò mọ̀. Tí mo bá ti jókòó síbẹ̀, ọkọ̀ náà á máa rìn bí aboyún tó ń gun àtẹ̀gùn. Níjọ́sí, oníkẹ̀kẹ́ kọjá wa lórí òkè. Ó ń fi ọwọ́ kan jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Torí ìyẹn lo ṣe bọ́ òrùka?"

"Kábíyèsí, bó ṣe ń wakọ̀ náà ló ṣe ń fẹ́ mi. Mo ti rán aṣọ ìyàwó fún ọmọ ọlọ́mọ títí, ẹ̀rọ mi ti gbó. Tí mo bá bi í pé ìgbà wo ni tèmi, á ní, 'Olólùfẹ́, a máa débẹ̀.' Ohun kan náà ló ń sọ lórí títì. Ẹ gbà mí láyè kí n dá òrùka rẹ̀ padà fún un."

Olùjẹ́jọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Kábíyèsí, ẹ̀bi ọkọ̀ ni. Ẹ̀rọ méjì ló wà nínú rẹ̀. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ pé kó sáré, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣèpàdé. Ti epo á ní, 'Àbúrò, máa lọ ṣáájú.' Ti bátìrì á ní, 'Rárá o, ẹ̀yin lẹ àgbà.' Ibi tí wọ́n ti ń bọ̀wọ̀ fúnra wọn nilẹ̀ ń ṣú sí."

Ìjòyè kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ awakọ̀ ló ṣe darúgbó. Ó wo ọmọkùnrin náà látòkè délẹ̀.

"Má parọ́ mọ́ ẹ̀rọ, ọmọ mi. Bátìrì kì í ṣèpàdé. Bí ọkọ̀ bá wà lójú kan tí o tẹ̀ ẹ́, òun ló ń kọ́kọ́ fà á. Kí ti epo tó lajú, ẹ ti kúrò ní oríta."

"Tèmi ń tijú ni, bàbá."

Wọ́n pe àbúrò aránṣọ wá jẹ́rìí.

"Ẹ̀yìn ni mo máa ń jókòó," ó ní. "Mo sùn, mo jí, iwájú ilé epo kan náà la ṣì wà. Ọkọ̀ yẹn ò lè sáré rárá."

Ìyá olùjẹ́jọ́ dìde. Kò sẹ́ni tó pè é.

"Ta ló ní ọkọ̀ ọmọ mi ò lè sáré? Lọ́sẹ̀ tó kọjá tó gbé mi lọ sílé ìwòsàn, a fẹ́ bọ́ sójú títì ńlá, tírélà ń bọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ báyìí, ẹ̀yìn mi lẹ̀ mọ́ àga, gèlè mi bá ara rẹ̀ ní ìjókòó ẹ̀yìn. Ẹ́ńjìnnì ń ké bí ẹni tí wọ́n já aṣọ gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Ẹ̀rí ni mo wá jẹ́ fún ọ."

"Ẹ̀rí yín ti pọ̀ jù, ìyá," Ọba dáhùn. Ó kọjú sí ọmọkùnrin náà. "O ń fi eré gbé ìyá rẹ, o ń gbé ìyàwó ọ̀la bí ẹyin. Sọ òótọ́, kí n tó ní kí ìyá rẹ máa bá ọ̀rọ̀ lọ."

Ẹ̀rù bà á lójú ẹsẹ̀.

"Kábíyèsí, àárọ̀ ṣúlẹ̀ ni mo fi ń gbọ́ ariwo fíríìjì. Tí mo bá rọra tẹ ọkọ̀ yẹn, bátìrì nìkan ló ń fà á, kì í dún rárá. Mo máa ń gbọ́ gbogbo ohun tí olólùfẹ́ mi bá ń sọ, títí dórí abẹ́rẹ́ tó sọnù. Tí mo bá tẹ̀ ẹ́ jinlẹ̀, ẹ́ńjìnnì epo á jí, á bo ohùn rẹ̀. Tí a bá sì tètè dé, á sọ̀ kalẹ̀."

Aránṣọ pa àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ dé mọ́ òrùka náà. Omi lé ròrò sí mi lójú.

"Èmi ńkọ́, tí mò ń pẹ́ dé ibi iṣẹ́?" àbúrò rẹ̀ kùn.

Ọba húkọ́.

"Ọkùnrin yìí, o jẹ̀bi. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohùn obìnrin, ilé ló ń gbé e lọ, kì í fi dí títì mọ́ ọlọ́nà. Ìdájọ́ mi nìyí: títí di ọjọ́ ìgbéyàwó, ìyá rẹ ni yóò máa jókòó sáàárín yín níbikíbi tí ẹ bá ń lọ."

"Kábíyèsí," ó ní, kò tíì dìde nílẹ̀, "oṣù tó ń bọ̀ ńkọ́?"

"Ẹ wò ó," ìjòyè awakọ̀ sọ, "láti ojú kan ló ti gbéra yẹn."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó fi òrùka bọ ìka. Mo sìn wọ́n dé ẹnu ọ̀nà. Jíìpù náà gbéra jẹ́ẹ́, kò dún, ohùn ìyá nìkan là ń gbọ́: bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkọ, bí wọ́n ṣe ń ká gèlè, irú ẹni tí bàbá olùjẹ́jọ́ jẹ́ nígbà ọ̀dọ́.

Kí wọ́n tó dé oríta, ẹ́ńjìnnì epo jí.