Méjì Nínú Ọgọ́rùn-ún

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló yẹ kí dókítà la àyà Ọládiípọ̀. Ọjọ́ Ajé ni Ọládiípọ̀ bá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn jáde n'Ílọrin, tó sì padà sí Òmù-Àrán. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣe tíṣà ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì, wọ́n sì ti mú un láti jẹ baálẹ̀ àdúgbò rẹ̀ lóṣù mẹ́ta sí i. Tíṣà ò ṣeé bá jiyàn, olóyè ò ṣeé bá jiyàn, àwọn méjèèjì ló sì kóra jọ sínú ara kan yìí. Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Wosilat, àbúrò rẹ̀ tó ṣe nọ́ọ̀sì títí orí fi funfun, gun ọ̀kadà wá. Ó bá a ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tó ti ń jẹ ẹran ìgẹ̀ màlúù tí ọ̀rá ń kán lára rẹ̀, okùn tí ilé ìwòsàn kọ orúkọ rẹ̀ sí ṣì wà lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bọ̀ọ̀dá mi. Wọ́n ní ẹ sá."

"N ò sá. Ẹni tó bá sá, eré ló ń sá. Láti ibi tí bọ́ọ̀sì já mi sí dé ilé yìí, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo jókòó sinmi."

"Ohun tí wọ́n tìtorí ẹ̀ fẹ́ la àyà yín náà nìyẹn."

Ọládiípọ̀ nu ọwọ́, ó ní kó jókòó kí òun là á yé e yékéyéké. Ó ní dókítà ti ṣàlàyé fún òun pé iṣan mẹ́ta tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ sínú ọkàn òun ti dí. Wọ́n á yọ iṣan nínú ẹsẹ̀, wọ́n á fi la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ṣe é ń dìde, ìrora á lọ, wọ́n á sì tún lo ọ̀pọ̀ ọdún láyé. Ṣùgbọ́n nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, ó ṣeé ṣe kí bíi méjì má jí mọ́.

"Méjì nínú ọgọ́rùn-ún," ó ní. "Mo wá bi nọ́ọ̀sì pé mélòó ni wọ́n ti ṣe látìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Mo ní mélòó ló kú? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sí ìkankan."

"Ọlọ́run ṣeun."

"Kí lo ń dúpẹ́ sí? Méjìdínlọ́gọ́rùn-ún ti lọ, ikú méjèèjì ṣì wà nílẹ̀. Ta ló kàn?"

Wosilat wò ó títí.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé oyè ni?"

"Ohun tó bá ń yípo, ó ń yípo ni. Ilé mẹ́ta ló ń jẹ baálẹ̀ níbí: Ìsàlẹ̀, Àárín, Òkè. Ilé Ìsàlẹ̀ jẹ tán, ó kan Ilé Àárín, ìyẹn àwa, wọ́n sì mú mi. Ohun tó bá ti kan èèyàn, kò sí bó ṣe fẹ́ yẹ̀ ẹ́."

"Ikú kì í ṣe afọbajẹ. Kò ní ìwé kankan tó fi ń wo ilé tó kàn. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé síbẹ̀, tirẹ̀ ni tirẹ̀. Ẹni tó ṣáájú yín, bó kú, bó yè, kò kàn yín."

"Ọ̀rọ̀ ẹni tí kò ka ìṣirò dójú àmì nìyẹn. Mo ti ṣètò ẹ̀. Kí ẹlòmíì kọ́kọ́ wọlé. Bí ọgọ́rùn-ún bá ti pé, a tún bẹ̀rẹ̀ láti oókan, èmi ni kí wọ́n sì fi ṣe ẹni kìíní."

"Ta ni ẹlòmíì?"

"Ará Omupo kan ló wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tèmi, Ndanusa, èèyàn jẹ́jẹ́. Mo ní kó gba ipò mi. Ó dọ̀bálẹ̀ fún mi."

"Ẹ gbé ikú yín fún ọlọ́mọ, ó sì dọ̀bálẹ̀."

"Mo fi mángòrò mẹ́ta sí i."

Ojú ti Wosilat fún un, nítorí ojú ò ti Ọládiípọ̀ fúnra rẹ̀. Ó wá sọ fún un pé wọ́n ti ṣe Ndanusa láàná. Nọ́ọ̀sì pe òun láàárọ̀ yìí: ó ti lajú, ó ti béèrè ìyàwó rẹ̀, ó ti ń fẹ́ mu ògì.

Inú Ọládiípọ̀ ò dùn sí i rárá. Ó na ìka, ó kà á, ó tún un kà.

"Ó di mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó ku ẹnì kan, ikú méjì. Wosilat, wọ́n fẹ́ pa mí lẹ́ẹ̀mejì."

Wosilat fi ìbòrí bo ẹnu títí ẹ̀rín fi tán lára rẹ̀. Ó bi í bóyá nǹkan mìíràn tún wà tó ń bà á lẹ́rù.

"Wọ́n ní wọ́n á dá ọkàn mi dúró, ẹ̀rọ kan á máa ṣiṣẹ́ rẹ̀."

"Fún wákàtí díẹ̀ ni. Bí wọ́n bá parí, ọkàn á gba iṣẹ́ rẹ̀ padà."

"Adelé nìyẹn. Ìwọ ti rí adelé tó gbé ipò sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ rí?"

Ẹ̀rín ò pa Wosilat mọ́ wàyí. Ó fa àga rẹ̀ súnmọ́ ọn.

"N ò ní parọ́ fún yín. Egbò àyà lè kẹ̀. Rọpárọsẹ̀ lè ṣe ẹlòmíì, kíndìnrín ẹlòmíì lè dáṣẹ́ sílẹ̀. Fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta, ẹ ò ní gbé ẹrù wúwo. Ewu ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún béèrè pé bí èèyàn ọgọ́rùn-ún tí iṣan wọn dí báyìí bá jókòó sílé tí wọ́n ń jẹ ìgẹ̀ màlúù, mélòó ló ń kú?"

"N ò béèrè ìyẹn."

"Mo béèrè. Dókítà ní ó ju méjì lọ fíìfíì. Ọdún márùndínlógójì nídìí ìṣirò, ìdajì lẹ ṣe. Ta ló kọ́ yín níyìí?"

"Abdulfatah ni."

"Ti Ilé Òkè?"

"Òun náà. Ó ti pẹ́ tó ti ń retí oyè yìí, ṣùgbọ́n kò bínú pé ilé wa ló kàn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú mi, ìrọ̀lẹ́ kan ò lọ kó má gbé ẹran ọlọ́ràá wá. Ó ní baálẹ̀ kì í rù. Ó wá wò mí n'Ílọrin, ó di ọwọ́ mi mú, ó sunkún. Òun ló fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi láti ẹ̀yìn ilé ìwòsàn dé Ganmo. Ó ní kí n wọ bọ́ọ̀sì níbẹ̀, kí wọ́n má bàa rí wa pọ̀."

"Kí ta ni má bàa rí yín pọ̀?"

Ọládiípọ̀ ò tíì ro ibẹ̀ yẹn. Wosilat wá rọra bi í, bí Ọládiípọ̀ fúnra rẹ̀ ṣe ń bi àwọn ọmọ kíláàsì nígbà ayé iṣẹ́ tíṣà rẹ̀.

"Ẹni tí wọ́n bá mú, tó bá kú kí wọ́n tó fi jẹ, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é?"

"Wọ́n á fo ilé rẹ̀. Àṣà wa ni. Á wá kan..."

Adìyẹ kan kọjá lábẹ́ àga. Ọládiípọ̀ wo okùn ọwọ́ rẹ̀, ó wo abọ́ tó wà níwájú rẹ̀, ó sì rọra tì í sẹ́yìn. Ẹ̀rù bà á gan-an, ó sì hàn lójú rẹ̀.

"Wosilat."

"Bọ̀ọ̀dá mi."

"Pe nọ́ọ̀sì yẹn. Ní mò ń bọ̀, kí wọ́n má fún ẹnikẹ́ni ní ipò mi."

Wosilat ti ń pè é kó tó sọ ọ́ tán. Ọládiípọ̀ wọlé mú báàgì, ó jókòó sinmi lẹ́ẹ̀kan lójú ọ̀nà, ó sì jáde. Ó gbé abọ́ ẹran náà lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́.

"Bí a bá ń kọjá, jẹ́ ká yà nílé Abdulfatah, ká gbé e fún un. Ní kó jẹ ẹ́ tán. Òun ló kàn."