Ẹ̀kọ́ Kìíní Onílé-Méje

Ó mí sí kọ́kọ́rọ́ náà lára lẹ́ẹ̀mejì, ó fi etí ẹ̀wù nù ún, ó sì rọra fi àtàǹpàkò bo orúkọ tó wà lára páálí kékeré tí wọ́n so mọ́ ọn. Orúkọ tirẹ̀ kọ́.

Onílé-Méje ni wọ́n ń pè é. Òun ló sọ ara rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àrẹ̀mọ Bíríkì, Ọkọ Símẹ́ńtì, a-gbé-kọ́kọ́rọ́-dání-bí-ọ̀pá-àṣẹ! Alágbàtà ilé ni, ilé onílé ló ń bá wọn tà. Yàrá kan ni òun àti ìyàwó rẹ̀ ń gbé lẹ́yìn ilé ìyá ìyàwó, òjò sì mọ gbogbo ibi tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sí.

Ọjà kò yá lọ́dún náà. Ló bá dá iṣẹ́ àfikún sílẹ̀. Ní gbogbo Sátidé, á ṣí ilé tí wọ́n ní kó tà, á yọ pátákó kúrò lẹ́nu géètì, á to àga sí pálọ̀, á wá máa kọ́ àwọn èèyàn bí àwọn náà ṣe lè di onílé. Ẹni tí kò bá tíì sanwó kò gbọdọ̀ jókòó.

"Ilé yìí," ló ń wí láàárọ̀ Sátidé kan, ó ń fọwọ́ pa ògiri lára bí ẹni ń pa ẹṣin lára, "àkọ́bí mi ni. Òógùn mi ló wà nínú bíríkì wọ̀nyí."

Èèyàn mẹ́rìnlá mirí. Aránṣọ kan tó jókòó níwájú kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀rọ ìránṣọ méjì ló ní, ó ti ta ọ̀kan kó lè wọ kíláàsì yìí. Kò jẹ́ kí ohunkóhun bọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ọ̀gá sín, ó kọ ìyẹn náà.

"Ẹ̀kọ́ kìíní! Ẹ má gba ẹnu onílé gbọ́. Ilẹ̀kùn yòówù tẹ́ ẹ bá rí, ẹ ṣí i. Nọ́ńbà yòówù tẹ́ ẹ bá rí, ẹ pè é."

"Ọ̀gá, ṣé kí n fi ibí dánra wò?" aránṣọ béèrè.

"Àǹtí, ẹ máa wò ó lọ. Kí ni mo fẹ́ fi pamọ́?"

Obìnrin náà wọ ilé ìdáná lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu ara rẹ̀ ti dùn mọ́ ọ̀gá débi pé ó ti gbàgbé ohun tó tì sínú kọ́bọ́ọ̀dù ibẹ̀ láàárọ̀.

Fóònù rẹ̀ dún. Nọ́ńbà tí kò mọ̀ ni. Alágbàtà wo ló ń jẹ́ kí irú ẹ̀ dún lẹ́ẹ̀mejì?

"Ẹ dákun, ayálégbé mi kan ni." Ó bọ́ sí fàráńdà, ó kẹ̀yìn sí wọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ẹ ǹlẹ́ o," ohùn obìnrin kan wí, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ẹni fi aṣọ bo ẹnu. "Ilé aláwọ̀ ewé tẹ́ ẹ fẹ́ tà, ṣé ẹ̀yin lẹ ni ín?"

"Èmi kẹ̀? Ká ní mo ní irú ẹ̀, ṣé ẹ̀yìn ilé ìyá ìyàwó mi ni mo máa máa gbé? Ìyá arúgbó kan ló ni ín. Ẹ ṣáà wá, kò mọ iye tó tó."

"Òógùn tó wà nínú bíríkì ńkọ́?"

"Òógùn ta ni?"

Ó gbọ́ "ta ni" yẹn lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn rẹ̀, nínú pálọ̀. Ó lọ sókè ju ti ẹnu rẹ̀ lọ.

Ó yíjú padà. Aránṣọ dúró láàárín àga, ó fi pátákó há abíyá, ó gbé fóònù sókè, ó ti tú ohùn rẹ̀ síta kí gbogbo kíláàsì lè gbọ́. ILÉ YÌÍ WÀ FÚN TÍTÀ, ni wọ́n kọ sára pátákó náà. Nọ́ńbà ọ̀gá ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Awakọ̀ kan tó jókòó lẹ́yìn ló kọ́kọ́ lanu. "Ọ̀gá, nínú méjèèje yẹn, ṣé ẹ ti ka ti ìyá ìyàwó mọ́ ọn?"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Aránṣọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. "Ẹ̀rọ mi," ló wí.

Ọ̀gá kiwọ́ bọ àpò, ó ka owó rẹ̀ sí i lọ́wọ́. Àwọn yòókù tò sẹ́yìn obìnrin náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, bó ṣe tò wọ́n sórí àga láàárọ̀.

Nígbà tí àpò gbẹ, ó ti ilẹ̀kùn, ó gba pátákó, ó sì gbé e padà sí ihò rẹ̀ lẹ́nu géètì. Ó wọ́. Ó tún un nà ró, ó fi etí ẹ̀wù nu nọ́ńbà tó wà lójú rẹ̀.

Kò tíì dé orígun òpópónà tí fóònù rẹ̀ tún dún. Ó jẹ́ kó máa dún, kò bojú wẹ̀yìn. Ó ń lọ.