Oògùn Ìpara Olorì Tí Àwọn Ìjòyè Pa Tán

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Òkè-Ọpọ̀n, lọ́kùnrin lóbìnrin, ẹ pa ẹ̀rọ ata yẹn! Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ wọlé. Ọ̀rọ̀ àgbà ni.

Kábíyèsí ló rán mi. Olorì Ìbíwùmí ló rán Kábíyèsí.

Ọdún méjì rèé tí nǹkan oṣù Olorì ti dúró, tí ara wọn ò sì béèrè ọkọ mọ́. Ó dùn wọ́n. Olorì fúnra wọn ló wọkọ̀ lọ rí dókítà. Dókítà bi wọ́n léèrè títí, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò, ó ní kí wọ́n dán họ́mónù wò, oògùn tó ń jí ìfẹ́ ọkọ nínú ara. Oògùn ìpara ni, inú ike kékeré kan ló wà. Bíńtín ni kí wọ́n máa fi pa itan lójúmọ́.

Àmọ́ àṣà wa ni pé nǹkan kan kì í dé ara Olorì kí àwọn ìjòyè tó dán an wò. Ìjòyè mẹ́fà! Wọ́n dán an wò! Ọ̀tún fi pa àyà. Òsì fi pa ikùn. Balógun fi pa orí tó pá, bóyá irun á hù. Wọ́n dán an wò títí ó fi tán! Ó tán pátápátá!

Olorì ti ti ìlẹ̀kùn yàrá. Orí bẹ́ǹṣì ni Kábíyèsí ń sùn. Àṣẹ wá jáde:

Èkíní: Ìjòyè kankan ò gbọdọ̀ dán oògùn obìnrin wò mọ́. Ẹni tó bá dán an wò yóò gbá ọjà fún oṣù mẹ́ta!

Èkejì: Ọkọ tó bá fẹ́ wọ́ ìyàwó rẹ̀ lọ gba oògùn tí ìyàwó ò béèrè, kí ó kọ́kọ́ lọ wẹ̀! Mo tún un wí, kí ó lọ wẹ̀! Kí ó fọ ẹnu! Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá dun obìnrin fúnra rẹ̀, nǹkan kan ò ṣe é.

Ẹ̀kẹta: Ẹni tó bá pe obìnrin tó lọ rí dókítà ní oníṣekúṣe, ewúrẹ́ kan! Obìnrin náà ló ni ewúrẹ́, kì í ṣe ààfin.

Ẹ̀kẹrin: Lọ́la, ìjòyè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò wọkọ̀ tẹ̀lé Olorì lọ sọ́dọ̀ dókítà. Ẹnu ara wọn ni wọn yóò fi ṣàlàyé bí oògùn ṣe tán, níwájú gbogbo èrò tó bá jókòó síbẹ̀!

Olorì ní kí n fi èyí kún un. Ọjọ́ mẹ́ta ni ìgbìmọ̀ ìjòyè fi jókòó lórí ọ̀rọ̀ ara Olorì, kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ pe Olorì. Kábíyèsí gan-an, lọ́dún méjì, ò bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí ló dé. Ìyẹn ló dùn wọ́n ju oògùn lọ. Kábíyèsí gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí n má fo ibẹ̀.

Ohun tí wọ́n fi rán mi ni mo jẹ́ yìí, n ò yọ níbẹ̀, n ò fi kún un. Èmi Ọ̀jẹ́yẹmí akéde ń lọ sílé. Kí ẹnikẹ́ni má kan ìlẹ̀kùn mi títí di ọ̀la. Mo fẹ́ lọ bi ìyàwó mi léèrè ọ̀rọ̀ kan.

Mo sì ti wẹ̀.