Fèrè Lìádì àti Òbúkọ Tíṣà

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì kan, ní Abà Ọlọ́pẹ tó wà lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà, Tíṣà Akíntáyọ̀ fa òbúkọ ńlá kan wọ abẹ́ àtíbàbà Lìádì. Ó so ó mọ́ ìdí igi agbálùmọ̀, ó gbé agolo ọ̀dà kékeré kan kalẹ̀, ó sì jókòó sórí àga kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi lọ̀ ọ́.

Tíṣà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ ò tíì fẹ̀yìn tì lẹ́nu rẹ̀. Lìádì ní tirẹ̀ ń tún ọ̀kadà ṣe. Ọmọ Kétu ni, ní ilẹ̀ Kútọnu. Ọmọbìnrin abà yìí ló fẹ́, ó sì ti pẹ́ níbẹ̀ débi pé ajá abà kì í gbó o mọ́. Kò sí ohun tí Tíṣà lè sọ tí Lìádì ò ní ní èsì fún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdajì èsì náà, irọ́ ni.

"Lìádì, fèrè mi dà?"

Lìádì nu ọwọ́ sí ṣòkòtò, ó fa fèrè ọparun kan yọ láàárín àwọn táyà. Ó ti gbẹ́ ẹ dán, ó ti fi òwú pupa àti òwú yẹ́lò dì í ní ìdí.

"Fèrè wa nìyí, Tíṣà."

"Wa? Ìwọ àti ta ni?"

"Èmi àti àwọn ará Kétu."

Tíṣà rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọ kíláàsì kìíní dá lóhùn. Ó ṣàlàyé pé ọ̀la ni Ọjọ́ Àṣà ní Ìyànà Ọ̀fà, pé abúlé kọ̀ọ̀kan ni yóò gbé ohun àtijọ́ kan wá síwájú alága ìjọba ìbílẹ̀. Òun yóò gbé fèrè yìí sórí tábìlì, òun yóò kùn ún ní àwọ̀ ewé àti funfun, òun yóò sì dúró tì í láti sọ ìtàn rẹ̀. Lìádì fetí sílẹ̀ títí ó fi parí, ó wá bi í pé ìtàn wo.

"Pé Nàìjíríà ni fèrè ti ṣẹ̀ wá."

"Ẹ wá fẹ́ gbé ọmọ ọlọ́mọ lọ sọ lórúkọ níwájú alága."

"Ọmọ ọlọ́mọ báwo? Ọparun ẹ̀yìnkùlé mi ni. Èmi ni mo gé e fún ọ."

"Ọwọ́ mi ló sọ ọ́ di fèrè. Kó tó kàn mí, igi tí ewúrẹ́ fi ń họ ara ni."

"Ọ̀bẹ wo lo fi gbẹ́ ẹ?"

"Ọ̀bẹ bàbá mi."

Tíṣà na ọwọ́ mú ọ̀bẹ náà nílẹ̀, ó yí i wò. "Ọjà Ìyànà Ọ̀fà lo ti rà á. Èmi ni mo bá ọ ná an."

"Ọ̀bẹ tí bàbá mi ìbá rà náà nìyẹn, ká ní wọ́n ṣì wà láyé."

"Ó dáa. Èémí tí o ń fẹ́ sínú rẹ̀ ńkọ́? Kí lo jẹ láàárọ̀ yìí?"

"Ẹ̀kọ àti àkàrà."

"Àgbàdo ibo ni wọ́n fi se ẹ̀kọ náà? Àgbàdo Nàìjíríà. Òun ló fún ọ ní èémí. Fèrè Nàìjíríà, èémí Nàìjíríà."

"Ṣé ẹ máa wá kun èmi náà ní àwọ̀ ewé ni?"

Lìádì fi ìdí kanlẹ̀ sórí táyà kan. Ó ní nígbà tí bàbá bàbá òun ń fọn fèrè fún àwọn ọdẹ ní Kétu, òyìnbó ò tíì fa ìlà kankan sáàárín ilẹ̀. Tíṣà ní kò burú, bí kò bá sí ìlà nígbà náà, báwo ni fèrè ṣe wá di ti Kútọnu? Lìádì ní bí kò ṣe lè jẹ́ ti Nàìjíríà náà ni. Òtítọ́ kọjá láàárín wọn, kò sí ẹni tó kí i.

Òbúkọ ké lábẹ́ igi. Lìádì bojú wò ó, ó béèrè ibi tí wọ́n ń fà á lọ, ojú Tíṣà sì tú ká lójú ẹsẹ̀. Ní ìkórè ọdún tó kọjá ló dìde nínú ìjọ Áńgílíkà, tó jẹ́ ẹ̀jẹ́ pé òun yóò mú òbúkọ tí ẹnikẹ́ni ò rí irú rẹ̀ rí wá. Ọ̀tunla ni ìkórè. Màmá Dorothy, alága ìkórè, ní ìwà kan: bí ẹni kan bá jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí kò san án, inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn ni màmá ti máa ń pe orúkọ rẹ̀, wọ́n á tún un pè bóyá onítọ̀hún ń sùn. Tíṣà ló rẹ́rìn-ín jù nígbà tí wọ́n ń pe àwọn ẹlòmíràn lọ́dún náà, gbogbo ìjọ ló sì rí i. Látìgbà tó ti ra òbúkọ yìí ló ti ń dìde lóru lọ wò ó bóyá ó ṣì ń mí, ibi tó bá sì ń lọ lọ́sàn-án, ó ń fà á dání.

"Òbúkọ yìí kì í ṣe ti ìhín o," ni Tíṣà wí. "Ìran Gánà ni. Wo etí rẹ̀."

"Mo rí i. Etí ni."

"Ẹni tó tà á fún mi lọ́jà Ejíòkú ní láti Kùmásì ni wọ́n ti fa ìyá rẹ̀ wá."

"Kí ló ṣe òbúkọ Nàìjíríà?"

"Ohun tí a bá máa fún Ọlọ́run, ó yẹ kó ti òkèèrè wá."

"Ṣùgbọ́n èyí tí a máa fún alága, tilé ni kó jẹ́."

"O ti ń lóye díẹ̀díẹ̀."

Tíṣà ṣí agolo ọ̀dà. Ọ̀dà funfun ti ṣẹ́kù sílé, àwọ̀ ewé nìkan ló rántí mú, ló bá fi kun orí fèrè. Lìádì di ìdí rẹ̀ mú, ó ní kò sí ẹni tó máa kun òwú òun. Wọ́n fà á síhìn-ín, wọ́n fà á sọ́hùn-ún, ọ̀dà ta sí Tíṣà ní imú. Níkẹyìn Lìádì gba fèrè, ó fọn orin kan. Orin náà dùn, kí a má purọ́. Òbúkọ pàápàá dáwọ́ ẹnu jíjẹ dúró.

"Orin Kétu nìyẹn," ni Lìádì wí.

"Orin tí ìyá mi fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún nìyẹn."

"Ìyá yín dé Kétu rí?"

"Kétu ló wá bá ìyá mi. Gbé e wá. Bàbá bàbá mi ni afọnfèrè àwọn ọdẹ Lálúpọn. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà."

"Ẹ fọn ún ká gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lọ fọn ìpè o."

Ìpè tí Lìádì ń sọ kì í ṣe ohun eré. Nígbà tí àwọn ajínigbé ń da àwọn olóko láàmú, abà yìí àti àwọn abà tó yí i ká ṣe àdéhùn pé bí fèrè bá dún ní ohùn gígùn méjì àti kúkúrú kan, kí gbogbo ọdẹ sáré wá. Àwọn ọmọdé wá ń fi ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ fọn ìpè ṣeré, àwọn ọdẹ ń sáré lásán. Tíṣà ló dìde ní ìpàdé tó gbé òfin kalẹ̀: bí ìpè bá dún láìsí ewu, ẹni tó ni fèrè ni yóò fi òbúkọ bọ́ àwọn ọdẹ tó bá dé. Kì í ṣe ẹni tó fọn ún o, ẹni tó ni ín. Nítorí pé ọmọ ló ń fọn, bàbá ló ni ọmọ àti fèrè. Gbogbo ìpàdé pàtẹ́wọ́ fún un lọ́jọ́ náà.

"Èmi tí mo ṣe òfin," ni Tíṣà wí, "ìwọ lò ń kọ́ mi?"

Ó fi fèrè sẹ́nu. Afẹ́fẹ́ jáde. Ó tún un fọn, itọ́ jáde, òbúkọ sì sín. Lìádì sọ pé bóyá ẹ̀jẹ̀ bàbá bàbá ti dì. Inú bí Tíṣà, ó fa èémí láti ìsàlẹ̀ ikùn, èémí náà sì rí ọ̀nà. Àmọ́ orin kan ṣoṣo ni ìka rẹ̀ mọ̀ láyé, èyí tí òun fúnra rẹ̀ kọ́ àwọn ọdẹ ní pápá iléèwé. Ohùn gígùn méjì, kúkúrú kan. Ó já geere, ó gba orí oko lọ.

Àwọn méjèèjì wo ara wọn. Ní apá Ejíòkú, ẹnìkan ké. Ọ̀kadà kan dún, òmíràn dá a lóhùn.

Tíṣà rọra na fèrè sí Lìádì. "Gba fèrè rẹ."

"Fèrè ta ni?"

"Fèrè Kétu. Ṣebí o ti sọ bẹ́ẹ̀."

"Tíṣà, ọparun ẹ̀yìnkùlé yín ni."

"Ọwọ́ rẹ ló sọ ọ́ di fèrè. Kó tó kàn ọ́, igi tí ewúrẹ́ fi ń họ ara ni."

"Ẹ̀kọ Nàìjíríà ni mo jẹ tí mo fi lágbára gbẹ́ ẹ."

"Ọ̀bẹ bàbá rẹ lo fi gbẹ́ ẹ."

"Ọjà Ìyànà Ọ̀fà ni mo ti rà á. Ẹ̀yin lẹ bá mi ná an."

Fèrè ń ti ọwọ́ kan bọ́ sí èkejì bí iṣu tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nínú iná. Ìró ọ̀kadà ń súnmọ́. Lìádì ní kí àwọn kúkú sọ pé àwọn rí ajínigbé. Tíṣà bínú sí i gidigidi. Ó ní òun jẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀ ìjọ, irọ́ ò lè ti ẹnu òun jáde. Ibi tó ti ń sọ ọ́ ni ojú rẹ̀ ti bọ́ sára fèrè: àwọ̀ ewé lórí, pupa àti yẹ́lò ní ìdí.

"Lìádì," ló wí wọ́ọ́rọ́wọ́, "àsíá ibo lo rí yìí?"

Lìádì wò ó. "Pupa, yẹ́lò, àwọ̀ ewé. Tíṣà, Gánà nìyí. Ìràwọ̀ dúdú nìkan ló kù."

Tíṣà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ti mú èédú níbi tí Lìádì ti ń lẹ táyà. Ó ń ya ìràwọ̀ lọ́wọ́ nígbà tí àwọn ọdẹ ya wọlé. Lazarus, olórí ọdẹ, ló ṣáájú. Ẹnu àdúrà ni ìpè ká a mọ́, nítorí náà aṣọ funfun ìjọ Kérúbù ló wà lọ́rùn rẹ̀, ìbọn wà léjìká, kò wọ bàtà. Ó béèrè ibi tí ewu wà. Wọ́n ní kò sí ewu.

"Ta ló wá ni fèrè?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí Lìádì ti dé abà yìí, ohùn òun àti ti Tíṣà ṣọ̀kan. "Gánà ló ni ín."

Lazarus gba fèrè, ó yí i po, ó fi ìka kan ìràwọ̀, èédú yí i lọ́wọ́. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní òfin ni òfin, ẹni tó ni fèrè ni yóò bọ́ àwọn. Tíṣà ní òun náà ló ṣe òfin ọ̀hún, kò sì yọ orílẹ̀-èdè kankan sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí Gánà bá wà nítòsí ni, òun ni ìbá ṣáájú wọn lọ gba òbúkọ níbẹ̀. Ara rẹ̀ ti balẹ̀. Ó tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé bí fèrè ṣe gba Tógò kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ wa.

Lìádì kò gbọ́ èyí tó ń sọ mọ́. Ó ń wo ìdí agbálùmọ̀.

"Ọ̀gá Lazarus," ló wí, "ẹ má wulẹ̀ rin ìrìn kankan. Òbúkọ Gánà ló wà lábẹ́ igi yẹn. Láti Kùmásì ni wọ́n ti fa ìyá rẹ̀ wá, Tíṣà ló sọ fún mi."

Àwọn ọdẹ yíjú sí ìdí igi. Tíṣà fò dìde, àga ṣubú, ó ti ń gbọ́ orúkọ ara rẹ̀ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn Màmá Dorothy, lẹ́ẹ̀mejì.

"Irọ́ ni. Ejíòkú ni mo ti rà á. Òbúkọ Nàìjíríà ni, láti orí dé ìrù."

Lìádì mi orí pẹ̀lú àánú. "Ẹ wo etí rẹ̀," ló wí.